Èènì, Òṣùwọ̀n àti Owó Ọbẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti ọdún 2023 ni òwe yìí ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní ilẹ̀ Káàárọ̀-oò-jíire. Kò sí ọjà tí ènìyàn yóò dé, ìbáà ṣe Bódìjà ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tàbí Oyíngbò ní Èkó, tí kò ní í bá ẹni tí ń rà níbi tí ó ti ń ráhùn pé owó gorí ọjà, tí kò sì ní í bá ẹni tí ń tà níbi tí òun náà ti ń ráhùn pé èrè kò sí mọ́. Nínú gbogbo ìráhùn yìí, àṣà kan wà tí ó ń parẹ́ lọ tí ariwo kò pọ̀ lórí rẹ̀. Àṣà náà ni èènì.

Lójú àlejò, èènì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ̀kúnwọ́ gàárì kan ni, tàbí ata rodo mẹ́ta, tàbí ọsàn kan ṣoṣo tí ọlọ́jà fi lé ọjà lẹ́yìn tí ó ti gba owó tán. Àwọn mìíràn ń pè é ní jára. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a óò rí i pé òun ni ọgbọ́n tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń dáàbò bo owó ọbẹ̀ tálákà láìjẹ́ pé wọ́n dójú ti tálákà náà. Bí ó bá wá ń lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń bá a lọ, kí a sì mọ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

ÀDÉHÙN TÍ A KÒ KỌ SÍNÚ ÌWÉ

Ìdúnàádúrà ní òfin tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ìwé tí a kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó fẹ́ ra nǹkan ní láti kọ́kọ́ kí ẹni tí ń tà: “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọgbá o.” Ìyá ọlọ́jà yóò dáhùn pé: “Àmín o, oníbàárà mi. Kí ni kí n wọ̀n fún yín?” Lẹ́yìn èyí ni ìyá yóò pe iye kan, tí oníbàárà yóò sì dá iye tirẹ̀ lé e. Ẹni tí ó pè é sókè yóò máa sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ó dá owó kékeré lé e yóò máa fi kún un, títí ohùn wọn yóò fi ṣọ̀kan. Ìwà tí kò dára ni kí ọlọ́jà gba iye kan tán kí ó tún yí ohùn padà. Bákan náà ni kò dára kí oníbàárà dá owó ẹ̀gàn lé ọjà ọlọ́jà, pàápàá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ọlọ́jà kò tíì ta ohunkóhun.

Nígbà tí owó bá ti wọlé tán ni ọ̀rọ̀ èènì tó dé. Kò sí ẹni tí ó lè fi agbára gba èènì lọ́wọ́ ìyá, síbẹ̀ bí kò bá fi í sí i, oníbàárà kì í tijú láti béèrè pé: “Ìyá, èènì mi dà?” Ọlọ́jà tí kì í fi èènì sí ọjà rẹ̀ yóò gba orúkọ ahun, orúkọ ahun kò sì dára fún ẹni tí ń wá ajé.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni èènì ń ṣe. Èkíní ni pé ó ń tún òṣùwọ̀n ṣe. Kò sí ẹni tí ó lè wọn gàárì tàbí ẹ̀wà kí ó ṣe déédéé nígbà gbogbo; bí ọwọ́ bá fà á sẹ́yìn díẹ̀, èènì ni yóò dí ibẹ̀. Èkejì ni pé ó ń so oníbàárà mọ́ ọlọ́jà. Ẹni tí ó gba èènì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn lónìí kò ní í wo ìsọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí ó bá padà wá. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé ọlọ́jà lè fi èènì ṣàánú ẹni tí ó bá mọ̀ pé nǹkan kò rọrùn fún. Opó tí ó ní ọmọ mẹ́rin àti ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè san iye kan náà fún kóńgò ẹ̀wà kan, kí èènì opó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, kí ti ọlọ́kọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Opó kò tọrọ, ẹnikẹ́ni kò sì kéde ipò rẹ̀ láàárín ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá kò mọ ọjà tí kò ní ìdúnàádúrà nínú. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ a máa to iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a sì máa kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye òkúta náà ni ó ń sọ iye owó ẹyọ tí a ń ta ọjà. Arìnrìn-àjò yóò mú èyí tí ó wù ú, yóò fi owó rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òótọ́ inú àwọn ènìyàn ìgbà náà ni a máa ń yìn bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀: ọjà náà wà ní gbangba, iye rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ẹni tí ń rà rí méjèèjì kí ó tó fi ọwọ́ kan àpò.

OHUN TÍ Ó DÉ BÁ ÒṢÙWỌ̀N

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà pàṣípààrọ̀ máa pinnu iye rẹ̀. Owó ọkọ̀ gòkè, owó ohun tí a ń kó wọlé láti òkè òkun sì gòkè pẹ̀lú. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìṣirò sọ pé owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú 100 ju bí ó ti rí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù oúnjẹ tí a ń rà ní ₦1,000 ti ń lọ sí nǹkan bí ₦1,410 láàárín ọdún kan.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, a sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000, láti orí ₦30,000 tí ó ti wà láti ọdún 2019. Ṣùgbọ́n àjọ oníṣirò kan náà ti fi hàn pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí àwọn ìdílé Nàìjíríà ná ní ọdún 2019, ó ju ₦56 lọ tí ó bá oúnjẹ lọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ju ààbọ̀ owó ilé lọ ni ẹnu ń jẹ, bí owó oúnjẹ bá gòkè báyìí, owó ilé-ìwé ọmọ, owó oògùn àti owó ilé ni yóò fara gbá a.

Ọlọ́jà pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Tòmátì tí ó ń tà ní Èkó lè ti rin ọ̀nà jíjìn láti Kánò tàbí Kàdúná. Ọkọ̀ gba owó, àwọn tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì gba owó, alágbàru gba owó, ara apẹ̀rẹ̀ náà sì ti jẹrà kí ó tó dé orí àtẹ. Owó tí ìyá fi ra apẹ̀rẹ̀ kan lánàá lè má tó o rà lọ́la. Bí ó bá pe iye tí yóò mú owó rẹ̀ padà, oníbàárà yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ohun tí ó kọ́kọ́ rọrùn fún un láti yọ kúrò ni èènì. Bí èyí kò bá tó, àwọn kan a tún bá òṣùwọ̀n wí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Kóńgò, dẹ́ríkà àti agolo mílíìkì ni ọ̀pọ̀ ọjà fi ń wọn ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì àti ẹ̀gúsí. Agolo lásán ni wọ́n. A lè lu ìdí wọn wọ inú, a lè fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ wọn, a sì lè tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n dín. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ni ó ń ṣe èyí, ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run wà láàárín wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ tí ń ṣe é tó láti ba ìdúnàádúrà jẹ́ pátápátá, nítorí pé oníbàárà ń jà lórí iye owó nígbà tí àdánù rẹ̀ wà nínú agolo.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní kóńgò ìrẹsì tí ó pé gba kílò kan àbọ̀, tí a sì ń tà á ní ₦3,000. Kílò kan jẹ́ ₦2,000 nìyẹn. Ọlọ́jà kejì ní òun yóò gba ₦2,800, inú oníbàárà sì dùn pé òun jèrè ₦200. Bí kóńgò ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí bá jẹ́ èyí tí a ti lù wọ inú, tí kò gbà ju kílò kan àti ìdá mẹ́rin kílò lọ, kílò kan ti di ₦2,240. Ìrẹsì tí ó yẹ kí ó gbà ní ₦2,500 ni ó san ₦2,800 lé lórí. Ó rò pé òun jèrè ₦200, ₦300 ni ó sì pàdánù.

Ní ọdún 2025, owó àwọn oúnjẹ kan wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ni ó kàn láti ráhùn. Ṣùgbọ́n kóńgò tí a ti lù wọ inú kì í fúnra rẹ̀ dìde padà. Nítorí náà, kí owó ọjà wálẹ̀ nìkan kò tó láti sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

ỌGBỌ́N TÍ WỌ́N Ń DÁ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀wọ́n oúnjẹ dé. Ní Ìlú Ọba, níbi tí àìmọye ọmọ Yorùbá ń gbé, owó oúnjẹ ní oṣù Kẹta ọdún 2023 fi ohun tí ó ju 19 nínú 100 lọ ju ti ọdún tí ó ṣáájú. Ìdúnàádúrà kò sí nínú àwọn ilé ìtajà ńláńlá níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú akọ̀wé tí ń gba owó kí ó ní kí ó bá òun dín owó búrẹ́dì kù. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀nà kan ni kúpọ́ọ̀nù, ìwé pélébé tí ó ń fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ní ẹ̀dínwó lórí ọjà kan pàtó. Láti nǹkan bí ọdún 1887 ni àwọn tí ń ta Coca-Cola ní Amẹ́ríkà ti ń pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn lè fi gba ife kan lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, orí fóònù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ọ̀nà kejì ni káàdì oníbàárà. Tesco ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ Clubcard tirẹ̀ ní ọdún 1995. Ẹni tí ó ní i ń san iye kan, ẹni tí kò ní i ń san èyí tí ó ga jù ú lọ lórí ọjà kan náà. Ọ̀nà kẹta ni kí ilé ìtajà kan ṣe ìlérí pé iye tí ẹlòmíràn ń ta ọjà ni òun náà yóò tà á. Ní ọdún 2020 ni Tesco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ìlérí yìí lórí àwọn ọjà kan, pé òun kò ní í tà wọ́n ju iye tí Aldi ń tà wọ́n lọ.

Ṣé òótọ́ ni àwọn ẹ̀dínwó wọ̀nyí? Àjọ tí ń mójú tó ìfagagbága òwò ní Ìlú Ọba yẹ nǹkan bí 50,000 irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó sọ pé 92 nínú 100 ni ẹ̀dínwó tòótọ́ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ti ń kìlọ̀ tipẹ́ nípa ìlérí pé “iye tí wọ́n bá tà á ni a óò tà á”. Bí olówò kan bá mọ̀ pé ní kété tí òun bá dín owó kù ni ẹnìkejì òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè wò ó pé kò sí èrè nínú kí òun dín in kù rárá. Ìlérí tí ó dà bí ẹni pé ó ń ran oníbàárà lọ́wọ́ lè di ohun tí ó mú kí owó dúró sókè.

Ohun tí ó wúlò jù fún oníbàárà ní Ìlú Ọba kì í tilẹ̀ ṣe kúpọ́ọ̀nù. Òfin wọn ọdún 2004 lórí kíkọ iye owó sára ọjà ní kí àwọn ilé ìtajà ńlá kọ iye kílò kan tàbí lítà kan mọ́ iye ọjà náà. Páálí kékeré àti páálí ńlá, ti ilé ìtajà yìí àti ti ọ̀hún, gbogbo wọn ni a lè fi kílò kan náà díwọ̀n. Ẹni tí ó bá lè kàwé yóò rí i kíákíá pé páálí tí ó tóbi kọ́ ni ó pọ̀ ní gbogbo ìgbà.

ÈÈNÌ ÀTI KÚPỌ́Ọ̀NÙ

Bí a bá fi èènì wé kúpọ́ọ̀nù, wọ́n jọ ara wọn ní ojú kan. Méjèèjì ni a fi ń fa oníbàárà padà sí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn ju ìjọra wọn lọ. Ilé ìtajà ni ó ń yan ọjà tí kúpọ́ọ̀nù yóò wà fún, ìyẹn ni pé ó lè mú ènìyàn ra ohun tí kò wá rà. Èènì kì í tẹ̀lé ohun mìíràn ju ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ wá rà lọ. Kúpọ́ọ̀nù orí fóònù ń fẹ́ ẹni tí ó ní fóònù tí ó sì mọ̀ ọ́n lò. Èènì kò béèrè ju ìkíni lọ. Kúpọ́ọ̀nù kò mọ opó yàtọ̀ sí ọlọ́kọ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbé èènì ga ju bí ó ti yẹ lọ. Àlejò tí kò gbọ́ èdè, ọmọ tí a rán níṣẹ́ àti ẹni tí ojú ń tì lè san owó jù, kí èènì wọn sì kéré. Kúpọ́ọ̀nù àti iye tí a kọ sára ọjà kò ní ojúsàájú ní ti èyí. Yàtọ̀ sí èyí, èènì kò lè dúró níbi tí òṣùwọ̀n kò bá ti dúró. Bí ọlọ́jà bá yọ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin kúrò nínú kóńgò tí ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì, ohun oníbàárà ni ó fi ta oníbàárà lọ́rẹ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÌKÁPÁ ẸNI

Ìjọba Nàìjíríà ti gbìyànjú láti fi àṣẹ dín owó ọjà kù rí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba àpapọ̀ fi iye lé ọ̀pọ̀ ọjà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé ọjà sá kúrò lórí àtẹ lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni a sì ti ń tà á ní iye tí ó ga jù. Àṣẹ lórí iye owó kò ṣe é. Àṣẹ lórí òṣùwọ̀n àti lórí kí iye owó hàn sí gbangba yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé kò sọ fún ọlọ́jà iye tí yóò tà; ohun tí ó ń sọ fún un ni pé kí ó má fi pamọ́. Òfin àpapọ̀ ọdún 2018 lórí ìfagagbága òwò àti ààbò oníbàárà ti ní kí ẹni tí ń ta ọjà fi iye rẹ̀ hàn, kí ó má sì gba ju iye tí ó fi hàn lọ. Ilé ìtajà ńlá tí ó kọ iye kan sí pẹpẹ, tí ó wá gba òmíràn níbi ìsanwó, ti rú òfin yìí, ẹ̀tọ́ oníbàárà sì ni láti kọ̀.

Nínú ọjà ìbílẹ̀, ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹgbẹ́ onírẹsì, ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà àti ẹgbẹ́ onígàárì bá fohùn ṣọ̀kan lórí kóńgò kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gbé ìwọ̀n kílò kan sí ẹnu ọ̀nà ọjà kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lọ fi wọn ẹrù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọlọ́jà olóòótọ́ ni yóò kọ́kọ́ jèrè. Òun ni ó ń pàdánù báyìí, nítorí pé kóńgò rẹ̀ tí ó pé ń mú kí ọjà rẹ̀ dà bí èyí tí ó wọ́n.

Ní ti oníbàárà, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí ọjà tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò sè é, ó ti kọjá lọ́wọ́ alájàpá, ó ti kọjá lọ́wọ́ alágbàtà, ó ti kọjá lọ́wọ́ aláròóbọ̀, oníkálukú sì ti jẹ èrè tirẹ̀. Ìdílé márùn-ún tí ó bá dá owó jọ ra àpò ìrẹsì tàbí apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà ti fo ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn. Kì í ṣe àṣà tuntun. Samuel Johnson mẹ́nu ba èèsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935. Orúkọ tí Yorùbá fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, alájẹṣẹ́kù, ti sọ ìlànà rẹ̀ tán: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù.

Àmọ́ àjọrà náà fẹ́ ìṣọ́ra. Kí a ka iye ìpín kí a tó ra ọjà. Kí ìwọ̀n kan ṣoṣo pín in fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ní oṣù yìí jẹ́ ẹni tí yóò mú kẹ́yìn ní oṣù tí ń bọ̀. Kí a má sì ra ohun tí yóò bàjẹ́ kí a tó jẹ ẹ́ tán, nítorí pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Tòmátì tí ó ti ń rọ̀ kì í pọ̀ tó bí ó ti rí lójú ní àtẹ. Ẹni tí kò bá rí ẹgbẹ́ kan wọ̀ lè mú kóńgò tirẹ̀ tí ó ti wọ̀n nílé dání lọ sí ọjà. Ìyá ọlọ́jà lè kọ́kọ́ bínú. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, inú rẹ̀ yóò rọ̀, wọn yóò sì di oníbàárà ara wọn.

Èènì lè padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa ìráhùn. Níbi tí òṣùwọ̀n bá ti pé, tí iye sì hàn, ọlọ́jà kò ní í bẹ̀rù láti fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, oníbàárà kò sì ní í fura sí ẹ̀kúnwọ́ náà. Kí ajé wọgbá fún ẹni tí ń tà, kí ìkòkò má sì gbẹ lórí ààrò ẹni tí ń rà.